Ohùn Tí Sìmíátù Jí Sínú Abọ́ Fóònù

Obìnrin tó ni ìtàn yìí bẹ̀ mí pé kí n má ṣe fi àtíkè kùn ún lójú. Ó ní bí mo bá sọ ọ́ dùn jù, ẹ̀yin òǹkàwé á ṣàánú òun, bẹ́ẹ̀ àánú kọ́ lòun ń wá. Nítorí náà, bó ṣe sọ ọ́ fún mi ní pálọ̀ rẹ̀ n'Íjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ni mo ṣe máa sọ ọ́. Ibi tí inú bá ti bí mi sí i, ẹ ó mọ̀, nítorí mi ò ní lè pa á mọ́ra.

Sìmíátù ni orúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, tí ẹ sì ń gbé Èkó, ẹ ó rántí ẹgbẹ́ olórin tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì dá sílẹ̀, Ààrò Mẹ́ta. Sìmíátù ló ń léwájú orin, Jemimah ń gbè é, Ṣùkúrátù ló ni ohùn òkè, ohùn tín-ín-rín kan tó máa ń gbọ̀n díẹ̀ kó tó balẹ̀. Sìmíátù àti Ṣùkúrátù ti wà pọ̀ láti ilé kéú, nígbà tí wọ́n ń pín wàláà kan lò.

Ọdún méjìlá sẹ́yìn ni ẹgbẹ́ náà dákẹ́, kò sì sí ìjà kankan níbẹ̀. Bàbá Ṣùkúrátù ló dùbúlẹ̀ àìsàn. Bàbá Àkàngbé ni gbogbo Múṣin ń pè é: òṣìṣẹ́ rélùwéè Èbúté Mẹ́ta tó ti fẹ̀yìn tì, tó sì ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wọn. Àwọn dókítà ti mi orí pé kò sí ọ̀nà mọ́. Ṣùkúrátù wólẹ̀ lórí ẹní ìkírun, ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé bí Ọlọ́run bá dá bàbá òun sí, òun ò ní fi ohùn òun gbowó mọ́ láyé.

Bàbá gbádùn. Ó tún lo ọdún mọ́kànlá gbáko, tó ń lọ tó ń bọ̀. Ṣùkúrátù náà pa ẹ̀jẹ́ mọ́. Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Múṣin, ó ń rán híjáàbù àti aṣọ ilé-ìwé.

Nǹkan kan ṣoṣo ló kù nínú orin rẹ̀. Tó bá jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, ó máa ń fi imú kọrin, láìla ẹnu. Bí ẹlòmíràn bá wọlé, á dákẹ́. Bí Sìmíátù bá wọlé, kì í dákẹ́, á kàn fi ojú júwe àga fún un, orin á máa lọ. Sìmíátù ní òun ò mọ̀ nígbà yẹn pé ẹ̀bùn ni.

Lọ́dún tó kọjá, ilé-iṣẹ́ kan tó ń gbé orin jáde ní Yábàá pe Sìmíátù. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ni ín, Ayọ̀miídé, sọ pé orin Ààrò Mẹ́ta ni ìyá òun fi tọ́ òun dàgbà, pé òun fẹ́ kí wọ́n ṣe àwo orin tuntun. Sìmíátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún. Láti ọdún méjìlá, ẹ̀yìn àwọn ọ̀dọ́ olórin tó ń pè é ní Mọ́mì ló ti ń gbe orin, wọn kì í sì í kọ orúkọ rẹ̀ sí ibì kankan.

Òun àti Jemimah kó sínú sitúdíò Jídé ní Sùúrùlérè fún oṣù méjì. Orin mẹ́sàn-án ni wọ́n ṣe. Ayọ̀miídé wá gbọ́ ọ, ó di ojú, ó ń mi orí. Nígbà tó tán, ó yí àga rẹ̀ sí wọn.

"Ẹ̀yin àǹtí mi, ó dùn. Ẹ ó gbà pé mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n Ààrò Mẹ́ta la máa kọ sára àwo, ààrò méjì ni mò ń gbọ́."

"Ṣùkúrá ò kọrin mọ́," ni Jemimah wí.

"Kódà ìṣẹ́jú kan péré? Ìlà mẹ́rin? Àwọn èèyàn á bi wá o. Wọ́n á ní ẹnì kẹta dà?"

Ayọ̀miídé mí kanlẹ̀.

"Ó dáa, ẹ jẹ́ ká sún un síwájú ná."

Ẹni tó bá wà nídìí iṣẹ́ orin mọ ohun tí wọ́n ń pè ní sísún síwájú. Isà òkú tí wọn ò tíì bo yẹ̀pẹ̀ sí ni.

Sìmíátù gba Múṣin lọ lọ́jọ́ kejì. Ṣùkúrátù gbọ́ ọ dé òpin, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́, kò bínú.

"Sìmí, ohùn yẹn kì í ṣe tèmi mọ́. Mo ti fi ra bàbá mi."

"Ìlà mẹ́rin péré ni, Ṣùkúrá. Má gbowó. Fún mi lọ́fẹ̀ẹ́."

"Ṣé àwọn tó máa tà á náà ò ní gbowó? Jọ̀ọ́, má bi mí mọ́."

Kò sì bi í mọ́. Oṣù kan lẹ́yìn náà, Bàbá Àkàngbé sùn, kò jí. Ó ti pé ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin.

Ọjọ́ kẹjọ, wọ́n ṣe fìdáù nílé wọn ní Múṣin. Àwọn ààfáà wà lábẹ́ àtíbàbà níta, àwọn obìnrin bíi mẹ́wàá wà nínú yàrá ẹ̀yìn pẹ̀lú Ṣùkúrátù. Nígbà tí wàásù parí, tí wọ́n ń pín oúnjẹ, Ṣùkúrátù ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn.

"Mo fẹ́ kọrin fún bàbá mi," ló wí. "Ẹ̀ẹ̀kan péré, kí n sì pa á dé. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ààfáà gbọ́ o. Mi ò sì fẹ́ fóònù kankan nínú yàrá yìí. Mo mọ Èkó yìí. Sìmí, bá mi gbà á lọ́wọ́ wọn."

Láàárín obìnrin mẹ́wàá, Sìmíátù ló yàn. Ẹ rántí ìyẹn fún mi.

Sìmíátù mú abọ́ ike aláwọ̀ ewé kan láti ilé ìdáná, ó ń gbé e kiri. "Ẹ mú un wá, ẹ̀yin ìyá mi. Gbogbo ẹ̀ o." Wọ́n ń jù ú sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó gbẹ̀yìn ni Ìdíátù, ìyàwó Abdulfatai, ẹ̀gbọ́n Ṣùkúrátù.

"Àǹtí Sìmí, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ o. Ìyá mi wà lójú ọ̀nà láti Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n lè pè mí."

Ó pa ohùn fóònù náà, ó sì fi sínú abọ́.

Sìmíátù gbé abọ́ náà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti wá nǹkan bò ó. Òun nìkan ló wà níbẹ̀. Ó ní ọwọ́ òun ló ṣáájú ọkàn òun. Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, bí ẹni pé ọwọ́ àwọn ń gbé ilé tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ó mú fóònù tirẹ̀, ó tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ láti gba ohùn sílẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí àwọn yòókù, ó sì fi ìborùn rẹ̀ bo abọ́ náà mọ́lẹ̀. Ó gbé e wọlé, ó gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní Ṣùkúrátù.

"Gbogbo ẹ̀ nìyí," ló wí. "Tèmi náà wà níbẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Mo ti gbọ́ irọ́ tó sàn ju òótọ́ yẹn lọ.

Ṣùkúrátù di ojú, ó sì la ẹnu fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méjìlá:

Àkàngbé, ìwọ lo máa ń jí mi kírun,
Ilẹ̀ mọ́ lónìí, mi ò gbọ́ ìró ọ̀pá rẹ.
Àkàngbé, ẹni tí ń jíni ti sùn,
Ta ni yóò wá jí mi lọ́la?

Ó kọ ọ́ ní ìgbà mẹ́ta. Kò sí ẹni tí omi ò bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó tán, ó gbé orí lé ẹsẹ̀ Sìmíátù, ó sì béèrè bí ọmọdé pé, "Ṣé ẹnì kankan ò gbà á sílẹ̀?"

"Ta ló tó bẹ́ẹ̀? Abọ́ ló wà níwájú ẹ yìí."

Sìmíátù ní torí ìrántí lòun ṣe fi í pamọ́. Ìrántí! Ìrántí tó fi ọ̀sẹ̀ kan gbọ́ nínú mọ́tò, tó ń tún un gbọ́, títí tó fi mọ ibi tí gìtá yóò ti wọlé. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti wà ní sitúdíò Jídé.

Jídé gbọ́ ọ tán, ó yọ ẹ̀rọ tó fi ń gbọ́ orin kúrò létí.

"Ṣé Àǹtí Ṣùkúrá mọ̀ sí i?"

"Ó mọ̀."

"Wọ́n gbà ká fi sínú àwo?"

"Ṣé màá mú un wá fún ẹ tí kò bá gbà?"

Jídé gbé ọwọ́ sókè, ó ní kó má bínú. Ó tún orin náà ṣe. "Nǹkan kan ń dún nísàlẹ̀ yìí o. Gìrì-gìrì, gìrì-gìrì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo lè yọ ọ́." Ó tún gbọ́ ọ. "Rárá, ẹ jẹ́ kó wà. Ó dà bí ìlù. Màá gbé e sókè díẹ̀, kó lè máa dún lábẹ́ gìtá."

Sìmíátù ò bi í pé kí ni. Ohùn ló ń gbọ́, kò ráyè gbọ́ nǹkan mìíràn.

Jemimah, tí kò sí nínú yàrá lọ́jọ́ fìdáù, ló kù. Òun ò béèrè nǹkan kan, inú rẹ̀ dùn jù. Ó bú sẹ́kún nínú sitúdíò, ó mú fóònù. "Jẹ́ kí n pè é kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀!"

"Má pè é!" Sìmíátù fẹ́rẹ̀ẹ́ já fóònù gbà. "Ó ní ká má sọ ọ́ fún òun rárá. Ó ń tijú àwọn ààfáà. Ọ̀fọ̀ ṣì wà lọ́rùn ẹ̀, Jemimah, jọ̀ọ́."

Jemimah wò ó díẹ̀, ó sì fi fóònù sápò. Bí irọ́ ṣe di méjì nìyẹn.

Sìmíátù ti ṣe ìṣirò tirẹ̀. Ìṣẹ́jú kan ni, ìparí orin tó gbẹ̀yìn ni. Ṣùkúrátù kì í gbọ́ rédíò, kì í lo TikTok. Nígbà tó bá fi máa gbọ́ ọ, orin á ti kọjá lọ. Ṣé ẹ rí i, ẹni tó bá fẹ́ ṣe aburú, ọpọlọ rẹ̀ máa ń pé dáadáa.

Àwo orin jáde. Orin mẹ́jọ àkọ́kọ́ rọra ń lọ, àwọn àgbà ń pe ara wọn pé Ààrò Mẹ́ta ti padà. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú ìparí yẹn ló fọ́ ìgboro. Ẹnì kan gé e, ó fi sórí ẹ̀rọ ayélujára, ó ní bàbá òun lòun ń rántí. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo ẹni tó ti sin bàbá ló ń fi àwòrán sí i. Àwọn ọmọ ilé-ìwé Yábàá tún sọ ọ́ di ijó: tó bá dé ibi gìrì-gìrì ẹ̀ẹ̀mẹta yẹn, wọ́n á gbọn èjìká lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ń ṣe é ní Téjúoṣó, wọ́n ń ṣe é níwájú ṣọ́ọ̀ṣì.

Ayọ̀miídé ti gba gbọ̀ngàn kan ní Sùúrùlérè fún eré ńlá. Ní ilé rédíò kan, olóòtú bi Sìmíátù pé, "Àṣé Ṣùkúrátù ti padà sídìí orin?" Ó dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, ó ti padà."

Ọjọ́ Tuesday kan ni obìnrin kan wá gba aṣọ ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Ṣùkúrátù. Fóònù obìnrin náà dún. Ohùn Ṣùkúrátù ló jáde níbẹ̀, ó ń pe bàbá rẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ tó pè ni Sìmíátù.

"Sìmí, ẹnì kan ti tà mí."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Orin bàbá mi wà nínú fóònù oníbàárà mi. Ó ní inú àwo tiyín ló wà. Sìmí, kí lẹ ṣe?"

Ibí yìí, ẹ̀yin òǹkàwé, ni mo ti sọ pé kó dúró kí n mu omi. Ó ṣì lè jẹ́wọ́ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ò tíì bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ohun tó sọ nìyí:

"Àwọn ilé-iṣẹ́ ló fi sí i! Èmi náà ń bá wọn jà. Wọ́n ní ẹnì kan láti ilé yín ló fi ránṣẹ́ sí wọn."

"Láti ilé wa?"

"Bí wọ́n ṣe wí nìyẹn."

Sìmíátù gbọ́ bí Ṣùkúrátù ṣe ń fa imú. "Ọdún mọ́kànlá ni Ọlọ́run fún mi lórí ẹ̀jẹ́ yẹn. Wọ́n ti wá fi ohùn mi gbowó. Ẹni tó ṣe é, Ọlọ́run á fi í hàn."

"Àmín," ni Sìmíátù wí.

Ó ṣe àmín o! Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì kó dá mi lójú.

"Ẹnì kan láti ilé yín." Ọ̀rọ̀ márùn-ún yẹn wọ inú ilé Bàbá Àkàngbé, ó sì ń wá orí tó máa bà lé. Ta ló lọ́ra láti fi fóònù sínú abọ́? Ìdíátù. Ta ló kọ́kọ́ sáré jáde nígbà tí orin parí? Ìdíátù, ó fẹ́ pe ìyá rẹ̀. Ta ló ra fìrísà tuntun lóṣù yẹn? Ìdíátù ni. Wọ́n ní ó ní fóònù kejì nínú àyà. Ó búra pé àjọ lòun kó, kò sí ẹni tó gbà á gbọ́. Abdulfatai ò jẹ oúnjẹ rẹ̀ mọ́. Ó ń ra búrẹ́dì níta, ó ń jẹ ẹ́ lójú rẹ̀.

Ìdíátù pe Sìmíátù, ó ń sunkún. "Àǹtí Sìmí, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ẹ̀yin lẹ sún mọ́ wọn jù. Ẹ sọ fún wọn pé mi ò ṣe é."

"Fọkàn balẹ̀," ni Sìmíátù wí. "Ó máa lójútùú."

Sìmíátù ní òun ò jẹun ní ọjọ́ yẹn. Ó ní òun ti pinnu láti jẹ́wọ́ lẹ́yìn eré ńlá. Eré ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́yìn náà ó ku méjì. Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹni ẹlẹ́ni ń jìyà nínú ilé ọkọ rẹ̀, òun sì ń wọn aṣọ tó máa wọ̀ lọ sórí ìtàgé. Inú bí mi sí i gan-an níbí, mo sì sọ fún un.

Eré ku ọjọ́ mẹ́fà nígbà tí Ṣùkúrátù pè é pé ìpàdé ẹbí wà lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ìrun alásárì. Ìdíátù máa fi Àlùkùránì búra. "Wá, jọ̀ọ́, kí o sọ ohun tí ilé-iṣẹ́ sọ fún ẹ gan-an. Ìwọ ni ẹlẹ́rìí mi."

Ó lọ. Ó ní bí òun ò bá lọ, wọ́n á fura.

Ìyá Làbákẹ́, àbúrò Bàbá Àkàngbé, ló jókòó sórí àga ńlá ní pálọ̀. Abdulfatai wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ká ọwọ́ gbera. Àlùkùránì wà lórí tábìlì, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó. Ìdíátù wọlé, ojú àti ọwọ́ rẹ̀ ṣì tutù fún àlùwàlá. Ó ti rù.

"Sìmíátù," ni Ìyá Làbákẹ́ wí, "kí làwọn ilé-iṣẹ́ yẹn sọ?"

"Wọ́n ní... ẹnì kan láti inú ilé ni, Ìyá."

"Wọ́n dárúkọ?"

"Wọn ò dárúkọ."

"Ó dáa. Ìdíátù, gbé ọwọ́ lé e."

Ìdíátù na ọwọ́, ó tún fà á sẹ́yìn. "Ìyá, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ ná. Láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan ò jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí wọ́n ní mo tà. Mo máa ń sá fún un lójú títì. Ẹ jẹ́ kí n mọ ohun tí mò ń búra lé."

Ìyá Làbákẹ́ mi orí pé ó dáa. Ṣùkúrátù fi orin náà sí i lórí fóònù rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì, ó sì yí ojú sí ògiri.

Àkàngbé, ìwọ lo máa ń jí mi kírun...

Lábẹ́ ohùn náà: gìrì-gìrì, gìrì-gìrì, gìrì-gìrì.

Ìdíátù gbé orí sókè. "Ẹ tún un ṣe."

Wọ́n tún un ṣe. Ó fetí sí i, ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀.

"Kí lẹ ní ó ń dún yẹn?"

"Ìlù ni," ni Abdulfatai wí láti ẹnu ọ̀nà. "Àwọn ọmọ ń fi jó."

"Kì í ṣe ìlù."

Ó dìde. Ó gba ilé ìdáná lọ, wọ́n gbọ́ bó ṣe ń tú àwo. Nígbà tó padà, abọ́ ike aláwọ̀ ewé ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gba fóònù Ìyá Làbákẹ́ àti ti Ṣùkúrátù, ó kó wọn sí i, ó pa ohùn tirẹ̀, ó gbé e lé wọn.

"Bàbá Ameenah," ló wí fún ọkọ rẹ̀, "ẹ pè mí."

Abdulfatai ò tíì bá a sọ̀rọ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì. Ó mú fóònù, ó pè é.

Gìrì-gìrì, ni abọ́ náà ń ké lórí tábìlì. Gìrì-gìrì. Gìrì-gìrì.

Abdulfatai pa ìpè náà.

"Ìyá mi ló ń pè mí lọ́jọ́ yẹn láti gáréèjì," ni Ìdíátù wí. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n pè. Mo rí i nígbà tí mo gba fóònù mi, òun ni mo ṣe sáré jáde. Fóònù mi tí mo pa ohùn rẹ̀ ló ń gbọ̀n nínú orin yìí. Ẹni tó gba orin sílẹ̀, kì í ṣe inú àyà ló fi fóònù sí. Inú abọ́ ló wà, pẹ̀lú tèmi."

Ìyá Làbákẹ́ wo abọ́. Ó wo ìborùn ọrùn Sìmíátù. Ìborùn ọjọ́ fìdáù yẹn náà ni.

"Ta ló gbé abọ́ lọ́jọ́ yẹn?"

Gbogbo wọn ló mọ̀, kò sì sí ẹni tó fẹ́ sọ ọ́. Ṣùkúrátù ṣì kọ ojú sí ògiri. Sìmíátù ní òun rí bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe le gbagidi lábẹ́ híjáàbù, òun sì mọ̀ pé ó ti yé e.

"Èmi ni," ni Sìmíátù wí. "Èmi ni, Ìyá. Kò sí ẹnì kankan tó fi nǹkan ránṣẹ́. Fóònù mi ló wà lókè abọ́."

Abdulfatai gbéra, Ìyá Làbákẹ́ ní kó jókòó. Sìmíátù ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń retí èébú. Ó ní ìbá tẹ́ òun lọ́rùn kí wọ́n gbá òun létí.

Ṣùkúrátù yí padà. Ojú rẹ̀ gbẹ.

"Ọjọ́ tí mo pè ẹ́, mo ní Ọlọ́run á fi ẹni náà hàn. O ṣe àmín."

"Mo ṣe àmín, Ṣùkúrá."

"Ó dáa. Ọlọ́run ti gbà á."

Ohun tó sọ fún un kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kọjá lára rẹ̀, ó lọ kúnlẹ̀ síwájú Ìdíátù. Ọmọ ilé ló kúnlẹ̀ fún ìyàwó ilé, ní pálọ̀ bàbá rẹ̀. Ìdíátù pariwo, ó ń fà á lápá pé, "Ẹ dìde, Àǹtí mi, ẹ dìde," àwọn méjèèjì sì jọ ń sunkún. Abdulfatai bo ojú. Kò sí ẹni tó rí Sìmíátù nígbà tó jáde.

Ní òwúrọ̀ Monday ó pe Ayọ̀miídé, ó sì sọ gbogbo ẹ̀.

"Àǹtí, orin yẹn ló gbé gbogbo àwo o," ni Ayọ̀miídé wí. "Tí a bá yọ ọ́, kò sí eré."

"Yọ ọ́."

Wọ́n yọ ọ́, wọ́n sì fagi lé eré. Jemimah wá sílé rẹ̀, kò jókòó. "O jẹ́ kí n dọ̀daràn lójú Ṣùkúrá láì bi mí," ló wí, ó sì lọ. Àwo orin tí wọ́n retí fún ọdún méjìlá ò pé oṣù méjì. Orin náà kò sì tán níta, ó ṣì wà nínú fóònù àwọn èèyàn. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ti Ṣùkúrátù ṣì ń fọ́ lójoojúmọ́, pẹ̀lú ijó.

Mo bi Sìmíátù pé kí ló fẹ́ kí n bá òun sọ fún yín. Ó ní kí n sọ pé òun ò rò nígbà yẹn pé olè lòun, nítorí òun fẹ́ràn ohùn náà ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ó máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ṣùkúrátù ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ọ̀. Ṣùkúrátù ò lé e rí. Á gbé àga fún un, á fún un lómi, á béèrè àwọn ọmọ. Ó ti sọ fún un pé òun dárí jì í nítorí Ọlọ́run, ó sì dárí jì í lóòótọ́.

Jímọ̀ọ̀ tó kọjá, Sìmíátù ò tíì dé ẹnu ọ̀nà nígbà tó gbọ́ ọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ ń lọ, Ṣùkúrátù sì ń fi imú kọrin. Ó ní ẹsẹ̀ òun kọ̀ láti rìn. Bó bá dúró síbẹ̀, ẹnì kan ò ní mọ̀, yóò sì gbọ́ ọ dé òpin.

Kò fẹ́ jí i gbọ́ mọ́. Ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀kùn, ó kí i ní sálámà sókè.

Ṣùkúrátù dá a lóhùn, ó ní kó wọlé. Nígbà tó wọlé, ẹ̀rọ ìránṣọ nìkan ló ń dún.